Ẹni Bá Dá Ìwé Ẹ̀rù Padà, Kó Sọ̀rọ̀

Ẹ jókòó dáadáa, ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń wá iṣẹ́ tí ẹ máa fi ayé yín ṣe. Ẹ ti gbọ́ ti dókítà, ẹ ti gbọ́ ti lọ́yà, ẹ ti gbọ́ ti àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ láti orí bẹ́ẹ̀dì. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Tèmi rèé: mo fi ìwé dẹ́rù ba àwọn èèyàn ní Ìjẹ̀bú-Òde títí mo fi darúgbó, wọ́n sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Iṣẹ́ yìí ni mo fi tọ́ ọmọ. Òun náà ló jẹ́ kí n máa kọjá lójú títì kí ọlọ́kadà máa pariwo pé, "Àǹtí Ẹ̀rù, èyí tí ẹ yá ìyàwó mi yẹn ò jẹ́ ká gbádùn nílé o!" Màá ní kí òun náà wá yá tiẹ̀.

Mopélọ́lá ni bàbá mi sọ mí, àmọ́ bí ẹ bá dé àdúgbò wa tí ẹ bèèrè Mopélọ́lá, wọn á kàn máa wò yín ni. Àǹtí Ẹ̀rù ni gbogbo ayé mọ̀.

Ṣọ́ọ̀bù Àyákà ni wọ́n ń pe ibi tí mo ti ṣiṣẹ́. A kì í ta ìwé níbẹ̀, a máa ń yá èèyàn ni. Wàá gbé e lọ sílé, wàá kà á, wàá dá a padà, wàá mú òmíràn. A ní ìwé ìfẹ́, a ní ìwé ọ̀daràn, ṣùgbọ́n èyí tó sọ wá di olókìkí ni ìwé ẹ̀rù àti ìwé abàmì. Ìwé tí òkú ń rìn nínú rẹ̀. Ìwé tí ilé ń bá onílé sọ̀rọ̀. Ìwé tí o ò ní mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an títí wàá fi kà á tán, tí wàá tún ṣí i padà sí ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìbínú.

Bí mo ṣe débẹ̀ ò gùn rárá. Mo ka ìwé mẹ́wàá tán, kò sówó láti tẹ̀síwájú, ìyá mi mọ ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù, ó mú mi lọ. Owó oṣù tí wọ́n ń fún mi kò tó ohun tá à ń sọ níbi tí èèyàn pọ̀ sí, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ níbẹ̀.

Màmá Ṣadé ló ni ṣọ́ọ̀bù náà. Tíṣà ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, wọn ò sì fi ìwà tíṣà sílẹ̀ níléèwé nígbà tí wọ́n ń bọ̀. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, wọn ò bi mí ní orúkọ mi. Wọ́n ní, "Na ọwọ́ rẹ kí n rí i." Mo nà án. Wọ́n gbé e súnmọ́ imú.

"Ìkọ́kọrẹ́ lo jẹ láàárọ̀ yìí."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Lọ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Bí epo bá kan ìwé, kò ní kúrò mọ́. Ẹni tó bá yá a tẹ̀ lé e á rò pé ẹ̀jẹ̀ ni, ẹ̀jẹ̀ tó wà nínú àwọn ìwé yìí sì ti tó."

Mo rẹ́rìn-ín. Wọ́n wò mí títí ẹ̀rín náà fi gbẹ lẹ́nu mi. Ìgbà tó yá ni mo tó mọ̀ pé Màmá Ṣadé máa ń ṣàwàdà, wọn kì í kàn bá ọ rẹ́rìn-ín sí i ni.

Ọdún tí mo kọ́kọ́ lò níbẹ̀, wọn ò jẹ́ kí n yá ẹnikẹ́ni níwèé. Mo ń se sítáàṣì tí a fi ń lẹ ìwé, mo ń fi pépà kákí bo ẹ̀yìn wọn, mo ń fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán èyí tó bá ti ń tú. Bí sítáàṣì mi bá ní kókó, Màmá á dà á nù sí gọ́tà lójú mi, wọn á ní kí n tún òmíràn sè. Ìwé ò gbọ́dọ̀ já bọ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ wa láéláé. Bí oorun bá ń kùn ọ́, di ìwé mú. Bí òjò bá ká ọ mọ́nà, kí òjò pa ọ́, kó má pa ìwé. Ẹni tó bá sì ká etí ìwé láti fi sàmì sí ibi tó kà á dé, Màmá á fa òun náà létí. Lójú mi báyìí ni wọ́n ṣe fa ọ̀gá iléèwé kan létí, ọkùnrin gìrìwò, pẹ̀lú táì lọ́rùn. Ó ní kí wọ́n máà bínú, mà.

Ṣùgbọ́n òfin tó ju gbogbo òfin lọ ni wọ́n ní kí ayàwòrán kan kọ sára ògiri gàdàgbà: ẸNI BÁ DÁ ÌWÉ Ẹ̀RÙ PADÀ, KÓ SỌ̀RỌ̀. Wàá dúró níwájú tábìlì, wàá sọ ohun tí o rò nípa ìwé náà, àwọn tó bá wà ní ṣọ́ọ̀bù á gbọ́, wọ́n sì lè bá ọ jiyàn. Bí o ò bá sọ̀rọ̀, o ò ní rí òmíràn yá. Ìparí ìtàn nìkan ni o ò gbọ́dọ̀ sọ, nítorí àwọn tí kò tíì kà á.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló rò pé ó rọrùn. Wọ́n á dé, wọ́n á ní, "Ó dùn, mà."

Màmá Ṣadé á ní, "Ó dùn? Ṣé ọsàn ni?"

Ẹni náà á bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn. Á ní òun ò mọ bí òun ṣe fẹ́ sọ ọ́. Màmá á fi ẹsẹ̀ ti àga sí i pé kó jókòó kó rò ó. Níbẹ̀ ni mo ti kọ́ ohun tí iṣẹ́ wa jẹ́ gan-an. Ìwé kan wà nígbà náà nípa ilé kan tó ń bí yàrá. Bí ẹnì kan bá kú nínú ilé náà, kí ilẹ̀ tó mọ́, yàrá tuntun kan á ti wà níbi tí ògiri wà tẹ́lẹ̀. Mo ti kà á, mo rò pé mo mọ ibi tí ẹ̀rù wà nínú rẹ̀. Télọ̀ kan tó wà níwájú ọjà dá a padà, ó ní, "Yàrá yẹn ò bà mí lẹ́rù, mà. Ohun tó bà mí lẹ́rù ni pé, nígbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jà lórí ẹni tó máa kó sí i." Ni obìnrin kan bá ní, "Ìjẹ̀bú ni wọ́n nìyẹn!" Ẹ̀rín pa wá. Síbẹ̀, nígbà tí mo dé ilé, ọ̀rọ̀ télọ̀ yẹn ni mò ń rò, n ò ro ìwé mọ́.

Ẹ̀kọ́ kan ṣẹ́ kù tí Màmá fi ń dán mi wò. Yàrá kan wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù tí a ń kó ìwé sí, kò ní fèrèsé, ọ̀sán gangan, dúdú ni. Bí mo bá ti ka ìwé ẹ̀rù kan tán báyìí, wọ́n á ní, "Lọ bá mi mú nǹkan wá nínú yàrá ẹ̀yìn." Mò ń lọ, mo sì ń kọrin. Ẹ̀rù ò bà mí. Ojú tó ti rí òkun, ṣé yóò rí ọ̀sà kó bẹ̀rù? Màmá á mi orí. Wọ́n ní, "Mopélọ́lá, ó yẹ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń lọ ata kì í fọwọ́ ra ojú. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ìwé kan bá dẹ́rù bà ọ́ débi tí o ò lè wọ yàrá yìí, ọjọ́ náà ni kí o gbé kọ́kọ́rọ́ fún ẹlòmíràn, kí o lọ sinmi." Mo ní ọjọ́ náà ò ní dé. Ọ̀rọ̀ ọmọdé ni mo sọ lọ́jọ́ yẹn.

Ìgbà tí Màmá Ṣadé ń lọ sọ́run, èmi ni wọ́n fi ṣọ́ọ̀bù lé lọ́wọ́. Wọ́n ní, "Má jẹ́ kí ìwé ẹ̀rù kúrò nílùú yìí." Wọn ò sọ ju ìyẹn lọ.

Ẹ̀yin náà mọ ọjọ́ Agẹmọ, ọdún òrìṣà àwa Ìjẹ̀bú. Bí Agẹmọ bá ń kọjá ní ìlú, obìnrin kì í jáde, a kì í sì í yọjú lójú fèrèsé. Láyé àtijọ́, ìsémọ́ yẹn máa ń sú àwọn obìnrin. Wọ́n á ṣe ẹ̀pà, wọ́n á mu gaàrí, wọ́n á sùn, wọ́n á jí, ọ̀sán ò ní lọ. Èmi ni mo ronú kàn án pé, dípò kí kálukú máa ti ara rẹ̀ mọ́lé, kí àwọn obìnrin tó ń yáwèé wá sí ilé mi ní àárọ̀ kùtùkùtù kí Agẹmọ tó gbéra, ká jọ wà pa pọ̀, kí ẹnì kan máa ka ìwé ẹ̀rù sí wa létí. Ọ̀rọ̀ náà ran bí iná ọyẹ́. Ọdọọdún, pàlọ̀ mi á kún. Ẹni tó bá ń kà á gbọ́dọ̀ fi ohùn ṣe é: bí òkú bá ń sọ̀rọ̀, kó sọ̀rọ̀ bí òkú, bí ẹnì kan bá ń ké nínú ìwé, kó ké. Àwa tá à ń gbọ́ náà á ké. Àwọn ọkọ wa tó jókòó síta lábẹ́ igi máńgòrò á máa fi wá rẹ́rìn-ín. Wọn á ní, "Wọ́n ti dé ibi tó le!"

Ẹni tó mọ̀ ọ́n kà jù nínú wa ni Yétúndé, ìyàwó Délé. Ọmọ Ayépé ni, ó kéré sí wa, ohùn rẹ̀ sì lè sọ gbogbo èèyàn inú ìwé. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ó lóyún oṣù kẹsàn-án. Ìwé tuntun kan ló ń kà sí wa létí, ìtàn obìnrin kan tó ń rọbí nínú ilé tí kò ní ilẹ̀kùn. Gbogbo wa ti sún mọ́ra. Màmá Nọ́ọ̀sì, nọ́ọ̀sì àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì, ti gbàgbé ẹ̀pà sọ́wọ́. Yétúndé ń kà á lọ, ni ó bá dákẹ́, ni ó bá ké.

"Yéè! Ẹ gbà mí o!"

Àtẹ́wọ́ la fi dá a lóhùn. Mo ní, "Yétúndé, o gbé e!" Ó tún ké, èyí le ju ti àkọ́kọ́ lọ. A tún pàtẹ́wọ́. Níta, a gbọ́ tí Délé ń pariwo fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé, "Ẹ gbọ́ ohùn yẹn? Ìyàwó mi nìyẹn!" Inú rẹ̀ dùn.

Ìwé bá já bọ́ lọ́wọ́ Yétúndé, ó bọ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ibẹ̀ ni mo ti dáwọ́ àtẹ́wọ́ dúró. Àtìgbà tí mo ti mọ ọmọ yẹn, ìwé ò já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Mo wo ilẹ̀, mo rí omi. Mo kígbe mọ́ Màmá Nọ́ọ̀sì, wọ́n sì ti dìde kí n tó sọ ọ́ tán.

Agẹmọ ò tíì kọjá, a ò lè jáde. Mo fi ẹnu sí fèrèsé tí a tì, mo ní, "Délé! Ìyàwó rẹ ń rọbí!"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín níta. Ẹnì kan ní, "Àǹtí Ẹ̀rù, eré yín ti pọ̀ jù!"

Mo tún pariwo. Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Ẹ gbọ́ mi, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ya wèrè lójú fèrèsé yẹn. Àwa la kọ́ wọn bẹ́ẹ̀. Lọ́dọọdún la ń ké, lọ́dọọdún ni wọ́n ń rẹ́rìn-ín, kí ni wọn ì bá ṣe? Àfìgbà tí Màmá Nọ́ọ̀sì, tí wọn ò bá ẹnikẹ́ni ṣeré rí láyé wọn, sọ̀rọ̀ láti ibi tí wọ́n kúnlẹ̀ sí: "Délé! Ṣé ẹgbẹ́ rẹ ni mí? Lọ wá mọ́tò, kó dúró ní sẹpẹ́!" Ẹ̀rín náà bá gé. A gbọ́ ẹsẹ̀ Délé bó ṣe ń sáré.

Àwa obìnrin náà la gbẹ̀bí. Màmá Nọ́ọ̀sì ń pàṣẹ, àwa ń ṣe é. Ọmọ náà jáde, obìnrin ni, kò ké. Màmá Nọ́ọ̀sì nu ẹnu rẹ̀, wọ́n dorí rẹ̀ kodò, wọ́n gbá a lẹ́sẹ̀. Ọmọ bá fi igbe ta. Ẹkún ni mo sun ní tèmi. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ Yétúndé ò dá bó ṣe yẹ. Bí Agẹmọ ṣe kọjá báyìí, ọsibítù ni wọ́n sáré gbé e lọ, wọ́n sì dá a dúró síbẹ̀.

Kó tó di ọjọ́ kejì, ìlú ti yí i padà: ìwé Àǹtí Ẹ̀rù ló fẹ́ pa aboyún. Ìyá Délé, ìyá ọkọ Yétúndé, tó jẹ́ aṣáájú àwọn obìnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, ló ń sọ ọ́ kiri. Wọ́n ní ohun tó wà nínú ìwé la pè, tó sì dá wa lóhùn. Bàbá tó ni ilé tí ṣọ́ọ̀bù wà wá bá mi. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni wọ́n, wọn ò fẹ́ wàhálà.

Wọ́n ní, "Mopélọ́lá, kó ìwé ẹ̀rù yẹn síta lọ́jọ́ Sátidé, kí wọ́n sun ún lójú gbogbo ayé. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, wàá kó kúrò nínú ilé mi."

Mo ní, "Ṣé gbogbo rẹ̀, sà?"

"Sun díẹ̀ níbẹ̀. Sáà jẹ́ kí wọ́n rí èéfín."

Mo wo àwọn ìwé náà. Pépà kákí tí Màmá Ṣadé fi ọwọ́ ara wọn bò ṣì wà lẹ́yìn àwọn kan. Èwo ni mo fẹ́ mú? Mo ní n ò ní sun ẹyọ kan. Wọ́n mi orí, wọ́n lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó dùn mí jù lọ́sẹ̀ yẹn. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ Ìyá Délé, kì í ṣe ti bàbá onílé. Àwọn òǹkàwé mi ni. Wọ́n ń dá ìwé padà láìsọ̀rọ̀. Wọ́n á jù ú sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á yára lọ bí ẹni tó gbé ẹbọ sílẹ̀. Télọ̀ yẹn gan-an, tó ti ń bá wa jiyàn láti ìgbà Màmá Ṣadé, ó gbé tiẹ̀ sílẹ̀, kò wojú mi. Mo jókòó sábẹ́ òfin tó wà lára ògiri, kò sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Ó dùn mí dọ́kàn.

Ọjọ́ Sátidé pé. Wọ́n pé jọ síwájú ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án, àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ará àdúgbò, àwọn tó kàn wá wòran. Gálọ́ọ̀nù kẹrosíìnì wà nílẹ̀. Ìyá Délé sọ̀rọ̀, wọ́n sì mọ̀rọ̀ọ́ sọ, n ò ní parọ́ mọ́ wọn. Wọ́n ní ohun tí èèyàn bá ń kà ló ń kó wọlé. Nígbà tó kàn mí, ìbínú ò jẹ́ kí n rí ọ̀rọ̀ gidi sọ. Mo kàn ń wí pé, "Ẹ̀yin wo ló ti ka ẹyọ kan níbẹ̀? Ẹ̀yin wo?" Wọ́n ń hó lé mi lórí.

Takisí kan bá dúró. Yétúndé ló sọ̀ kalẹ̀. Ó ti rù, ó pọn ọmọ sẹ́yìn, ó gbé ìwé sí abíyá. Kò sí ẹni tó mọ̀ pé wọ́n ti dá a sílẹ̀ lọ́sibítù àfi Délé, tó ń ti ẹ̀yìn rẹ̀ bọ̀ tí ò gbójú sókè wo ìyá rẹ̀. Yétúndé kúnlẹ̀ kí ìyá ọkọ rẹ̀. Ó dìde, ó gba àárín èrò kọjá, ó dúró níwájú tábìlì mi.

Ó ní, "Àǹtí, mo wá dá ìwé padà. Ẹ ní ẹni bá dá a padà kó sọ̀rọ̀."

Mo ní, "Sọ̀rọ̀, ọmọ mi."

Ó kọjú sí wọn. "Ìwé yìí ò dẹ́rù bà mí. Inú ló bí mi. Délé gbé e wá fún mi lọ́sibítù, mo kà á tán, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ẹni tó kọ ọ́ ò rọbí rí. Obìnrin yẹn ń rọbí, ó ń sọ gbólóhùn gígùn! Ó ń ṣàpèjúwe ojú ọ̀run! Ẹ̀yin ìyá mi tẹ́ ẹ wà níbí, nígbà tí ẹ̀ ń rọbí, ta ló rántí ojú ọ̀run nínú yín?"

Obìnrin kan nínú àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì pọ́ṣẹ́, ó ní, "Ojú ọ̀run bàbá ẹni!" Ẹ̀rín bá sọ. Kò sí bí wọ́n ṣe fẹ́ pa á mọ́ra.

Yétúndé ò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ṣé ẹ mọ ohun tó dẹ́rù bà mí? Mo ké, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Mo tún ké, wọ́n tún pàtẹ́wọ́. Ìyẹn ò sí nínú ìwé yìí. Ká ní mo mọ ìwé kọ ni, ìyẹn ni ǹ bá kọ." Ó wá wo ìyá ọkọ rẹ̀. "Ṣùgbọ́n, mà, àkókò ọmọ mi ló tó. Ìwé kọ́ ló pè é. Ọjọ́ Agẹmọ ni, ilé ni ǹ bá wà, èmi nìkan, pẹ̀lú ilẹ̀kùn títì. Ìwé ló gbé mi dé ilé tí Màmá Nọ́ọ̀sì wà. Bí kò bá sí ìwé ẹ̀rù yìí, ta ni ì bá gbẹ̀bí mi?"

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ọmọ yìí ò dákẹ́, tara rẹ̀ ò sì dákẹ́, tèmi náà ò sì dákẹ́. Ìyá Délé wo ọmọ tó sùn sẹ́yìn Yétúndé. Wọ́n wo ìwé tó wà lórí tábìlì. Wọ́n tún un wò. Wọ́n wá rẹ ohùn sílẹ̀, bí ẹni tí ò fẹ́ kí wọ́n gbọ́:

"Obìnrin inú ìwé yẹn, ṣé ó bímọ náà láyọ̀ ṣá?"

Ha! Ariwo tó sọ níwájú ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ yẹn, bóyá wọ́n gbọ́ ọ ní Ìbẹ̀fún. Bàbá onílé gan-an di ikùn mú, wọn ò sì mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ kíkó kúrò mọ́. Mo ní, "Ẹ máà bínú, mà, a kì í sọ ìparí. Ẹ yá a."

Wọ́n yá a! Wọ́n fi ìborùn bò ó, wọ́n gbé e lọ. Lọ́sẹ̀ kejì wọ́n dá a padà, wọ́n ní, "Ó dùn."

Mo ní, "Mà, ṣé ọsàn ni?"

Wọ́n fa àga, wọ́n jókòó. Wọ́n ní, "Ó dáa. Obìnrin yẹn ò gbàdúrà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ẹ̀yin náà ẹ wá wo ìyà tó jẹ ẹ́!" Télọ̀ wa ti padà dé nígbà náà, ó jiyàn, ó ní ẹni tí ilé rẹ̀ ò ní ilẹ̀kùn, ibo ni àdúrà fẹ́ gbà jáde? Ìyá Délé dá a lóhùn títí ọ̀sán fi lọ. Wọ́n di òǹkàwé mi títí ọlọ́jọ́ fi dé. Kẹrosíìnì tí wọ́n gbé wá sun ìwé, inú sítóòfù mi ni mo rọ ọ́ sí, mo fi se sítáàṣì. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i.

Láti ọdún náà la ti fi òfin kan kún òfin wa. Bí ẹ bá ń kàwé lọ́jọ́ Agẹmọ, tí ìwé bá bọ́ sílẹ̀, eré ti parí nìyẹn, kí gbogbo èèyàn dìde. Àwọn ọkọ wa náà mọ̀ ọ́n. A máa ń gbá ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mẹ́ta báyìí, wọn kì í rẹ́rìn-ín mọ́.

Nǹkan yí padà, ẹ̀yin náà rí i. Pépà kákí lọ, ọ̀rá dé. Fíìmù dé, wọ́n ní ìwé ti kú. Fóònù dé, wọ́n tún ní ìwé ti kú. Mi ò jiyàn pẹ̀lú wọn, mo gba fóònù. A dá ẹgbẹ́ òǹkàwé sílẹ̀ lórí Wasáàpù. Ẹni tó bá wà ní Ayépé, ẹni tó bá wà ní Ìbẹ̀fún, àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun, gbogbo wọn ń fi ohùn ránṣẹ́. Bí ẹnì kan bá kọ ọ́ pé ó dùn, kó tó pẹ́ wàá rí wọn, wọ́n á to ọsàn lọ rẹrẹẹrẹ fún un, àwòrán ọsàn lásán! Màmá Ṣadé ì bá rẹ́rìn-ín, ìyẹn bí wọ́n bá máa jẹ́ ká rí i.

Ọmọ tí a bí ní pàlọ̀ mi, Ìtùnú ni wọ́n sọ ọ́. Abẹ́ tábìlì ṣọ́ọ̀bù ló dàgbà sí. Ó ka gbogbo ìwé tó wà níbẹ̀, ó lọ sí yunifásítì, ó padà wá, ó sì kọ ìwé tirẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, lẹ́yìn Agẹmọ, ó gbé e wá fún mi pé kí n kà á kó tó kúrò lọ́wọ́ òun. Ojú rẹ̀ ò balẹ̀. Mo ní kó máa lọ, kó padà wá bó bá di ìrọ̀lẹ́.

Èmi nìkan ni mo wà ní ṣọ́ọ̀bù, oòrùn ń mú ganrín-ganrín. Ìwé náà sọ ti obìnrin kan tó ń ké, tí gbogbo èèyàn ń pàtẹ́wọ́ fún. Ó kúrò nílùú yẹn, ó dé ìlú mìíràn, ó ké níbẹ̀, wọ́n pàtẹ́wọ́. Àtẹ́wọ́ náà ń tẹ̀ lé e. Ìparí rẹ̀, n ò ní sọ ọ́, ẹ lọ yá a. Mo pa ìwé dé, mo dìde láti lọ gbé e sínú yàrá ẹ̀yìn. Mo ṣí ilẹ̀kùn. Mo wo òkùnkùn ibẹ̀.

Ẹsẹ̀ mi kọ̀. Ẹ̀yin ọmọ, mo ní ẹsẹ̀ mi kọ̀! Èmi tí mo ti ń wọ yàrá yẹn láti ìgbà tí mo ti jẹ́ ọmọge, tí mo ń kọrin. Etí mi ń retí àtẹ́wọ́ nínú òkùnkùn yẹn. Mo fa ọwọ́ sẹ́yìn, mo padà wá jókòó, mo sì bú sẹ́rìn-ín, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mo ní, "Màmá Ṣadé, ọjọ́ náà dé o. Ó dé ire."

Bí Ìtùnú ṣe wọlé ní ìrọ̀lẹ́, mo na kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù sí i. Kò yé e. Mo ní, "Gbà á. Tìrẹ ni. Bá mi gbé ìwé yìí wọ yàrá ẹ̀yìn, èmi ò débẹ̀."

Ó wo kọ́kọ́rọ́. Ó wò mí. Ó mọ ọ̀rọ̀ Màmá Ṣadé, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Ó gbà á. Kò dì mọ́ mi, kò sunkún. Ó yí lọ sí ẹ̀yìn tábìlì, ó jókòó sórí àga tí mo ti ń jókòó láti ìgbà tí wọn ò tíì bí i, ó sì nawọ́ sí ògiri.

Ó ní, "Àǹtí, ẹ ti dá ìwé padà. Ẹ ò tíì sọ̀rọ̀."

Mo dìde dúró níwájú tábìlì gẹ́gẹ́ bí òǹkàwé yòókù. Mo ní, "Ẹ̀rù bà mí, ọmọ mi. Láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí ìwé dẹ́rù bà mí."

Ó ní, "Ó dáa, mà. Ẹ lè mú òmíràn."